Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Àyẹ̀wò Ìwé Aláwòrán Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òwe yìí, tí mo sì ń ní kí wọ́n fi í sínú gbólóhùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé òwe ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé mi dájú. Inú ìwé ìtàn aláwòrán kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni, èyí tí mo kà ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá nítorí pé ọ̀gá mi ní kí n kà á. Ìwé náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fún ẹ̀yin òǹkàwé, ṣùgbọ́n n kò ní lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán láìsọ ohun tí ó gbé mi dé ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan wà ní kíláàsì tí mo ń mójú tó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bàbá rẹ̀ kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, láti ìgbà náà sì ni ọmọ tí a mọ̀ sí ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ti di ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rù. Ní ọjọ́ kan, ó ti ọmọdébìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ ṣubú láti orí àtẹ̀gùn, nítorí pé ọmọ náà kọ̀ láti bá a pọn omi. Apá ọ̀tún ọmọ náà kán. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìbáwí tú àpò ọmọkùnrin yìí, wọ́n bá ìwé aláwòrán náà níbẹ̀, ó ti gbó nítorí kíkà ní àkàtúnkà. Wọ́n bi í léèrè ohun tí ó mú un hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ohun tí ó ṣe mí bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín, bí mo ti dà yìí ni ẹ̀yin náà yóò dà."

Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé rí i pé gbólóhùn náà ju ti ọmọdé lọ, ó sì fura pé inú ìwé ni ó ti jáde. Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀, mà. Ẹ bá wa kà á, kí ẹ sì kọ èsì wá bóyá òun ni ó ba ọmọ yìí jẹ́."

Orúkọ ìwé náà ni Batman: The Killing Joke. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni n ó sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wa, n kò ní wá a jìnnà: ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ilé iṣẹ́ DC Comics ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní 1988, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tí ó ṣe é. Alan Moore ni ó kọ ìtàn, Brian Bolland ni ó ya àwòrán, John Higgins sì ni ó fi àwọ̀ kùn ún. Ìwé tín-ín-rín ni. Kò pé àádọ́ta ojú ewé. Síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn Eisner, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀bùn tí ó lórúkọ jù lọ láàrin àwọn tí ń ṣe ìwé aláwòrán ní Amẹ́ríkà.

Bóyá ẹnìkan yóò máa wò ó pé kí ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ kàn wá. Ó kàn wá. Ẹni tí ó bá mọ Atọ́ka, ìwé tí ó máa ń fi fọ́tò gbé eré àwọn òṣèré tíátà Yorùbá jáde, mọ̀ pé kíka ìtàn nínú àwòrán kì í ṣe àjèjì sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó ya The Killing Joke kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní 1975, Bolland àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dave Gibbons ni wọ́n ń pín àwòrán Powerman yà, ìwé kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà ní Nàìjíríà, tí akọni inú rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọwọ́ tí ó wá ya ìkà fún gbogbo ayé, akọni ni ó ti kọ́kọ́ yà fún àwọn ọmọ wa.

Joker ni orúkọ ìkà tí ìwé náà dá lé. Ní 1940 ni ó kọ́kọ́ yọjú, nínú ìwé Batman àkọ́kọ́. Bill Finger, Bob Kane àti Jerry Robinson ni a mọ̀ mọ́ dídá rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, irun rẹ̀ rí bí ewé tútù, ètè rẹ̀ pupa, ẹ̀rín kì í sì í kúrò níbẹ̀. Lára ohun tí wọ́n wò yà á ni ojú Conrad Veidt, òṣèré ilẹ̀ Jámánì nnì, nínú sinimá The Man Who Laughs tí ó jáde ní 1928. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Victor Hugo, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, kọ ní 1869 ni wọ́n ti mú sinimá náà jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí: ẹ̀dá ìtàn tí Hugo dá kì í ṣe ìkà rárá. Ẹni tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé ni, kí ó lè máa dà bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín títí ayé. Ojú ẹni tí a ṣẹ̀ ni wọ́n bọ́, tí wọ́n fi wọ ẹni tí ń ṣẹ ọmọnìkejì. N kò ka èyí sí nǹkan kan nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó tó wá yé mi.

Ní 1951, ìtàn kan sọ pé Joker ti fi ìgbà kan rí jẹ́ olè tí ń dé ìbòjú pupa, pé ó bẹ́ sínú omi kẹ́míkà kí ọwọ́ Batman má bàa tẹ̀ ẹ́. Ìtàn yẹn sọ bí ara rẹ̀ ṣe di funfun, ṣùgbọ́n kò sọ bí inú rẹ̀ ṣe di dúdú. Iṣẹ́ yìí ni Moore gbà ṣe.

Ọ̀nà méjì ni ó pín àhunpọ̀ ìtàn náà sí. Ọ̀nà kìíní ni ti ìsinsìnyí. Òjò ń rọ̀. Batman lọ sí Arkham, níbi tí wọ́n ń há àwọn ọ̀daràn tí orí wọn dàrú mọ́, ó fẹ́ bá Joker jókòó sọ̀rọ̀ kí ọ̀kan nínú wọn má bàa pa èkejì nígbẹ̀yìn. Ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ kí ó tó mọ̀ pé ẹlòmíràn tí wọ́n kun lójú ni ó jókòó níwájú òun. Joker ti sá lọ. Joker wá lọ sí ilé Jim Gordon, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìlú Gotham. Barbara, ọmọbìnrin Gordon, ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Joker yìnbọn lù ú, ọta náà sì ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìrora, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọgbà ìṣeré kan tí ó ti di ahoro. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Gordon sínú ọkọ̀ ojú irin kékeré, tí wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn án gàdàgbà bí ọkọ̀ náà ti ń lọ. Kí ni Joker ń wá? Ó fẹ́ fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin òun àti ẹnikẹ́ni, pé ọjọ́ burúkú kan ṣoṣo ti tó láti sọ ẹni tí orí rẹ̀ pé di wèrè.

Ọ̀nà kejì ni ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, ó fẹ́ di aláwàdà, ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, owó ilé sì wà lọ́rùn wọn. Ó gbà láti mú àwọn olè méjì gba inú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà náà kọjá sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe káàdì, kí wọ́n lọ jà á lólè. Ní ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọlọ́pàá wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, pé ohun èlò oníná tí a fi ń mú oúnjẹ ọmọ gbóná ni ó ṣe é ní jàm̀bá. Ó ní òun kò lọ mọ́. Àwọn olè náà ní kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Wọ́n dé ìbòjú pupa fún un, wọ́n mú un lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìnbọn, Batman yọ sí i, ó sì bẹ́ sínú omi. Nígbà tí ó jáde tí ó rí ojú ara rẹ̀, ẹ̀rín ni ó bú sí.

Àwọn àgbà wa ní ohun tí ó ṣe àkàlàmàgbò tí ó fi dẹ́kun ẹ̀rín rín, bí ó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mórí ẹyin. Ó dà bí ẹni pé Moore yí òwe náà padà: ohun tí ó ṣe ọkùnrin yìí ni kò jẹ́ kí ó lè dẹ́kun ẹ̀rín mọ́.

Ní ti ọgbọ́n ìsọ̀tàn, n kò lè fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìwé náà dára. Bí ìtàn bá fẹ́ padà sẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò kéde rẹ̀. Bí ẹ̀dá ìtàn ti dúró tàbí bí ó ti na ọwọ́ nínú àwòrán kan ni a ó bá a nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọdún yóò ti yí padà. Omi òjò tí ń kán sílẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, òun náà ni ó parí rẹ̀. Ní 2008, Bolland fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àwọ̀ ìwé náà kùn. Nínú ẹ̀dà yìí, èyí tí ọmọ náà ní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àwọ̀ kankan nínú àwòrán àtẹ̀yìnwá, àfi ohun pupa kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, títí a ó fi dé orí ìbòjú pupa náà. A ó ti máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ọkùnrin náà tó rí i.

Mo ka ìwé náà tán ní alẹ́ ọjọ́ kan, àánú Joker sì ṣe mí. N kò fi pa mọ́. Ó rán mi létí ara mi. Ní ọdún tí mo fẹ́ jáde ní ilé-ìwé girama, iná jó ìsọ̀ aṣọ ìyá mi ní ọjà. Àwìn ni ó fi ra púpọ̀ nínú ọjà tí ó wà níbẹ̀. Fún bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí àbúrò mi obìnrin ṣe tí n kò nà án. Omi dà nù, mo nà án. Ọbẹ̀ jóná, mo nà án. Lónìí, bí a bá ń sọ ìtàn ìdílé wa, ti iná ọjà ni a máa ń sọ, a ó sì máa yin ara wa pé a là á já. N kò rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ti pàṣán. Ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o ni kì í gbàgbé: mo wá ń rántí nísinsìnyí pé àbúrò mi kì í bá wa rẹ́rìn-ín bí ìtàn náà bá dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Mo ṣí ojú ewé kan níwájú rẹ̀, níbi tí Joker ti ń bá Batman sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìparí ìtàn, mo ní kí ó kà á.

"Kí ni ó sọ níbẹ̀?"

"Ó ní kò dá òun lójú bí ìtàn òun ti rí, mà. Ó ní bí òun bá ń rántí rẹ̀ lọ́nà kan lónìí, ọ̀nà mìíràn ni òun lè gbà rántí rẹ̀ lọ́la."

"Ǹjẹ́ o ti rí i tẹ́lẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo máa ń fo ibẹ̀ ni, mà."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Ṣùgbọ́n ikú bàbá tèmi kì í ṣe irọ́, mà."

"N kò sọ pé irọ́ ni, ọmọ mi. Ikú bàbá rẹ dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ikú kọ́ ni ó ti ọmọ yẹn láti orí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ ni."

Kò fèsì. Nígbà tí ó pẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Ìwé náà pàápàá dá Joker lóhùn. Nígbà tí Batman tú Gordon sílẹ̀, ó ti rí ohun tí òbí kankan kò gbọdọ̀ rí, síbẹ̀ ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n fi òfin mú ọ̀daràn náà, kí ó lè rí i pé ọ̀nà àwọn ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ burúkú dé bá a, kò sì di Joker. Lẹ́yìn èyí ni Batman ní kí Joker jẹ́ kí òun ràn án lọ́wọ́. Joker ní ó ti pẹ́ jù, ó sì pa àwàdà kan nípa wèrè méjì tí ó fẹ́ sá kúrò ní ilé ìtọ́jú: ọ̀kan ti fò dé òrùlé kejì, ó ní òun yóò tan tọ́ọ̀ṣì kí èkejì lè gba orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọjá, èkejì kọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé ẹni yẹn yóò pa tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òun bá dé agbede-méjì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín nínú òjò, ìtàn sì parí. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí àwòrán ìgbẹ̀yìn yẹn. Ní 2013, Grant Morrison, tí òun náà ti kọ ìtàn Batman púpọ̀, sọ pé Batman pa Joker níbẹ̀ ni.

Mo jókòó láti kọ èsì mi sí ìgbìmọ̀. Mo kọ ọ́ pé ìwé náà kò ba ọmọ náà jẹ́, pé ọmọ náà ni ó ka ìdajì rẹ̀. Mo kọ ti ikú bàbá rẹ̀, mo kọ ti Gordon, mo rò pé mo ti parí. Nígbà náà ni mo tún ìwé náà ṣí láti mọ ibi tí Barbara parí sí.

N kò rí i. Ẹni tí àwọn òǹkàwé ti mọ̀ láti 1967 ni Barbara Gordon, olùtọ́jú ilé ìkàwé tí ó tún ń jẹ́ Batgirl bí ilẹ̀ bá ṣú. Nínú ìwé yìí, ó ṣí ilẹ̀kùn, ọta bà á, a rí i díẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn níbi tí ó ti ń pariwo nítorí bàbá rẹ̀, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tí a ṣe sí i di ọ̀rọ̀ láàrin ọkùnrin mẹ́ta: èyí tí ó ṣe é, èyí tí a fi bà nínú jẹ́, àti èyí tí yóò gbẹ̀san. Orí ara rẹ̀ ni Joker kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọn kò bi í ní ìbéèrè kan. Moore fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ìwé náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn mìíràn ni ó tún un ṣe. Ní 1989, John Ostrander àti ìyàwó rẹ̀ Kim Yale mú Barbara padà wá nínú ìwé mìíràn, Suicide Squad. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó wà, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, ó ti di Oracle, ẹni tí àwọn akọni yòókù ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tí ó fi hàn pé irọ́ ni Joker pa, kì í ṣe Batman, kì í sì í ṣe Gordon nìkan. Ẹni tí ọjọ́ náà burú fún jù lọ ni, òun gan-an ni ìwé náà sì gbàgbé sí ilé ìwòsàn.

Mo gbé kálàmù sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ wa ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí. A ti sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ rẹ̀, a ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú rẹ̀, a ti yẹ ìwé tí ó ń kà wò. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ti dé ilé ọmọ tí apá rẹ̀ kán. Èmi gan-an kò mọ ilé wọn. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ni gbogbo wa ti kọ sí i.

Mo wádìí ilé náà, mo sì lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá rẹ̀ ń ta ata níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ojú sì tì mí láti gba ìkíni náà. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń to eegun ni wọ́n ti tọ́jú ọmọ náà. Wọ́n fi igi pẹlẹbẹ di apá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ fà á kọ́ ọrùn. Mo bi í léèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀, ó sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun kò kọ̀ láti pọn omi. Ó ní agogo ìdánwò ti lù ni. N kò gbọ́ èyí rí.

Mo padà sílé, mo ya èsì mi, mo kọ òmíràn. Mo sọ pé kí wọ́n fi ìyà tí òfin ilé-ìwé là sílẹ̀ jẹ ọmọkùnrin náà, kí wọ́n má lé e; pé kí òun àti ìyá rẹ̀ lọ bẹ ilé ọmọ náà, kí ó sì gbọ́ ìtàn ọjọ́ yẹn láti ẹnu ẹni tí ó ṣe é sí. Mo sọ pé kí ilé-ìwé fún ọmọbìnrin náà ní ìdánwò tí ó pàdánù. Wọ́n gbà á. Mo dá ìwé aláwòrán náà padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, kí n tó kúrò, mo bi ọmọ náà bóyá ẹ̀kọ́ kò ti fò ó jù. Ó wọlé, ó gbé ìwé àjákọ rẹ̀ jáde. Ó ti ń da àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà tóbi, wọ́n wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àmì ohùn wà lórí wọn. Ọwọ́ òsì ni ó fi kọ wọ́n, òun náà ni ó fi na ìwé sí mi.

"Ẹ má bínú, mà," ni ó wí. "Ọwọ́ òsì ni."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.